Ìròyìn Bọ́ọ̀lù Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó fún Bàbá Mi

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín o. Ara mi le, ara Màámi náà le. Ilé wa ní Apá wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi páànù kan lórí ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ ká sókè, tí mo sì ti fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀ fúnra mi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òrùlé ni ẹ ó kọ́kọ́ béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ síwájú, kí ọkàn yín lè balẹ̀ gbọ́ ìyókù.

Bàbá, wọ́n mú mi o!

Ẹ mọ̀ pé mo ń lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ yan àwọn agbábọ́ọ̀lù nílé-ìwé wa lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ẹ kò mọ irú bọ́ọ̀lù tó jẹ́. Kì í ṣe èyí tí ẹ máa ń gbọ́ nínú rédíò, tí ẹ máa ń bá ẹni tó ń sọ ọ́ jiyàn bí ẹni pé ó jókòó sí iwájú yín. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì ló rí ṣóńṣó. Ọwọ́ ni a fi ń jù ú, ọwọ́ náà ni a fi ń hán an. Lọ́dọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń kọlu ara wọn bí àgbò ni, wọ́n á sì dé akoto. Tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan wa so àsíá kékeré méjì mọ́ ìbàdí. Bí èèyàn bá gbé bọ́ọ̀lù tó ń sá lọ, tí ẹnìkan bá fa àsíá rẹ̀ yọ, ibẹ̀ ló parí sí. Àwa márùn-ún, àwọn márùn-ún. Bí a bá gbé bọ́ọ̀lù wọ ilé wọn ní òpin pápá, àmì mẹ́fà ni, a ó sì tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi ọ̀kan tàbí méjì lé e. Ó tán. Mo mọ̀ pé ó ti yé yín. Màámi ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Olùkọ́ wa kan, ọmọ Èkìtì, tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá ló kó o dé. Kóòṣì ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, ó sì lóhùn bí ẹni pé ó gbé gbohùngbohùn mì. Lọ́jọ́ tó fẹ́ yàn wá, ó kàn ń ju bọ́ọ̀lù náà lu àwọn ọmọbìnrin ni. Òmíràn bo ojú, òmíràn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òmíràn sá. Ó ju tèmi, mo fi ọwọ́ kan gbá a mú, ọwọ́ kejì ṣì di ìgò omi. Ó wò mí títí.

“Ta ló kọ́ ọ ní èyí?”

“Bàbá mi ni, mà. Àgbọn ló máa ń jù sí mi.”

Ṣé ẹ rántí? Ẹ máa ń dúró lórí òkìtì àgbọn létí ọ̀sà, èmi á dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ ó máa jù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi á máa hán an, n ó máa tò ó. Ẹ kì í wo ibi tí mo wà kí ẹ tó jù ú. Èyí tó bá bọ́ sómi, èmi náà ni n ó bẹ́ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹ̀yin á sì máa rẹ́rìn-ín títí ìkọ́ á fi mú yín. Kóòṣì kò mọ gbogbo èyí. Ó kàn kọ orúkọ mi sínú ìwé ni. Ẹ kò gbọ́ ìròyìn yẹn lẹ́nu mi, Bàbá, n ó sì sọ ohun tó ṣe mí nípa rẹ̀ bí mo bá dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin yín tán, mo fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí n máa bá Màámi se òróró àgbọn. Màámi kọ̀. Ó ní bí mo bá jókòó ti òun, ẹkún wa méjèèjì ni yóò kàn máa pọ̀ sí i, kí n gba ilé-ìwé mi lọ. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ jókòó. Kò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kankon mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra òróró ló ń wá bá a nílé. Ohùn rẹ̀ yẹn, tó máa ń pè mí láti ilé tí n ó sì gbọ́ létí omi, di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní yàrá aláìsàn. Gbogbo bí mo ṣe ń lọ síbi bọ́ọ̀lù, ọkàn mi kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wọ ìdíje náà, láti ilé-ìwé mẹ́fà. Kálukú yóò bá márùn-ún yòókù gbá, àwọn méjì tó bá ṣe dáadáa jù yóò pàdé níkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe lọ.

Ti àkọ́kọ́, orí pápá wa níhìn-ín ni, lórí iyanrìn yẹn. Àwọn aláṣọ pupa láti Ìkòròdú ló wá. Bàbá, wọ́n nà wá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí òdo. A kò gbé bọ́ọ̀lù dé nǹkan kan. Mọnísọ́lá, ọmọ Ọ̀yọ́ tó gùn bí ọ̀pá, ni ó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa. Kí ó tó jù ú, ó gbọ́dọ̀ kígbe kí a lè mọ ibi tí a ó sá sí. Bó bá ti kígbe “ọ̀tún”, àwọn aláṣọ pupa á ti sá lọ sí ọ̀tún ṣáájú wa. Ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè é. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù wá lọ. Àwọn ọmọkùnrin tó ń wòran ń pe bọ́ọ̀lù wa ní ìbẹ́pẹ. Ọ̀kan ní kí a jọ̀wọ́, bí ó bá ti pọ́n, kí a gé tòun fún òun.

Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá. Wọ́n ti fìyà jẹ wá, mo sì jókòó lórí iyanrìn, mo rẹ́rìn-ín ìbẹ́pẹ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Sènàmí ló mú ọgbọ́n wá. Ọmọ Ikoga ni, kò ga, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bẹ̀rẹ̀ níwájú, kí ó gba abẹ́ ẹsẹ̀ fún Mọnísọ́lá ní bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tó ń wò ó lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní, “Kóòṣì, ẹ jẹ́ ká máa fi Ègùn pè é.”

Mọnísọ́lá figbe ta. “Ègùn kẹ̀! Èmi tí n kò gbọ́ ju ‘ganji’ tí wọ́n fi ń kíni lọ?”

Kóòṣì ní, “Ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fún ọ.”

Èmi àti Sènàmí la kọ́ ọ. Adusi ni ọ̀tún, amiyọn ni òsì, aga ni kí a sá lọ síwájú pátápátá kí ó jù ú sókè. Ó ń pe adusi bí ẹni ń pe “àdùn sí i”. Nílé oúnjẹ, bí wọ́n bá bu ẹ̀wà fún un, á na ọwọ́ ọ̀tún, á ní “àdùn sí i”, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Ọ̀yọ́ ń sọ Ègùn! Níbi tí mo ti ń kọ́ ọ ni ó ti dé bá mi lójijì pé Ègùn ni ẹ máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ láti kékeré, Yorùbá ni mo sì máa ń fi dá yín lóhùn. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, ojú máa ń tì mí bí ẹ bá pè mí ní “ovi ṣie”, ọmọ mi, níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi. Kí ló dé tí ẹ kò bínú sí mi nígbà kan rí? Ẹ kàn ń fi Ègùn sọ ọ́ lọ, bí ẹni tó mọ̀ pé n ó padà wá gbé e.

Ti ìkejì, a lọ bá àwọn aláṣọ funfun ní Ṣàgámù. Mọnísọ́lá kígbe “amiyọn!”, àwọn aláṣọ funfun sì ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi rẹfirí bóyá ó bófin mu. Rẹfirí ní òun kò rí i nínú ìwé pé èdè kan jẹ́ èèwọ̀. Mẹ́tàlá sí mẹ́fà la fi nà wọ́n. Gbogbo ọ̀nà la fi kọrin bọ̀ wálé. Kóòṣì tó ní òun kì í kọrin, òun ló ń lé e.

Ti ìkẹta, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ jìn, a sì jẹ gaàrí àti àgbọn nínú bọ́ọ̀sì. Òjò ńlá rọ̀ bí a ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Pápá wọn di adágún omi. Àsíá wa lẹ̀ mọ́ itan, ẹni tó bá fẹ́ fà á yọ á kọ́kọ́ máa wá a kiri bí ẹni tó ń wá ẹja nínú ẹrẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti gbé bọ́ọ̀lù wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mọnísọ́lá ní “aga!” Mo sá, mo wo ẹ̀yìn, mo rí i tó ń bọ̀ láàárín òjò, mo na ọwọ́, ó bọ́ sí i. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí ìlà gan-an, mo fi àyà wọ ilé wọn bí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀. Mẹ́rìnlá sí méjìlá. Nígbà tí mo délé, ẹrẹ̀ ṣì wà nínú etí mi. Màámi wò mí, ó gbé omi ka iná. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú mi, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ tí kò sì mọ bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó dùn mí ni ti ìkẹrin. Orí pápá wa ni, àwọn aláṣọ búlúù láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n fi àmì kan ṣíwájú wa, mẹ́tàlá sí méjìlá, ó sì ku ìjù kan ṣoṣo. Mọnísọ́lá jù ú sí mi. Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ mi, Bàbá. Bọ́ọ̀lù tó rọrùn jù lọ nínú gbogbo ọdún ni. Ó lù mí láyà, ó bọ́ sílẹ̀. Fèrè fọn.

Kò sí ẹni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló burú. Kóòṣì fọwọ́ kàn mí léjìká, ó lọ ń kó àwọn àsíá jọ. Ohun tó kó sí mi lórí nígbà tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fóònù kan dún létí pápá, nínú àpò ẹnìkan. Bó ṣe dún báyìí, ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo padà sí.

Torí ọjọ́ tí wọ́n mú mi ni ọjọ́ tí ẹ lọ. Ẹ̀yin mọ̀. Fóònù mi wà nínú àpò létí pápá kan náà, Màámi pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò gbọ́, mo ń hán bọ́ọ̀lù, mo ń dunnú. Ìgbà tí mo fi délé, ilé ti kún. Láti ìgbà náà ni mo ti gbé e sínú pé ẹ pè mí, ẹ wò mí lọ́nà, n kò wá. N kò sọ ọ́ fún Màámi. Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún un?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì jókòó, à ń rin àgbọn. Ó béèrè báwo ni bọ́ọ̀lù. Mo ní mo jẹ́ kí ó bọ́. Ó ní kí ló mú un bọ́. Mo la ẹnu láti ní kò sí nǹkan kan, gbogbo rẹ̀ sì tú jáde. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Màámi gbé ìrin sílẹ̀.

“Ìyẹn lo wá ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí?” ó ní. “O ò bi mí!”

“Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mejì, Màámi.”

“Ti àkọ́kọ́, bàbá rẹ ló ní kí n pè ọ́. Ibi tí o jókòó sí yẹn ló jókòó sí. Ó ní, ‘Pe ọmọ yẹn, ká mọ̀ bóyá wọ́n ti mú un.’ O ò gbé e. Mo fẹ́ tún un pè, ó ní, ‘Fi í sílẹ̀. Bí kò bá gbé e, á jẹ́ pé eré ló ń ṣe. Wọ́n á mú un. Ta ni wọ́n fẹ́ mú bí wọn ò mú un?’ Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó wá ní òun fẹ́ lọ na ẹ̀yìn díẹ̀. Ìgbà tí mo lọ jí i fún oúnjẹ tí kò dáhùn, ìgbà yẹn ni mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.” Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi, ó nu ojú tirẹ̀ náà. “Kò wò ọ́ lọ́nà. Ṣé o gbọ́ mi? Ó rò pé ò ń ṣeré ni, ó sì dùn mọ́ ọn.”

Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo gbà á gbọ́. Màámi kì í purọ́, kódà nígbà tí irọ́ á wúlò. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi tàn wọlé, èèpo àgbọn ká wa mọ́, kò sì sẹ́ni tó rin nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò retí.

“Ìgbà wo lẹ tún fẹ́ gbá a?”

“Sátidé, Màámi.”

“Màá tẹ̀ lé ọ. Mo fẹ́ rí bọ́ọ̀lù tí wọn kì í fẹsẹ̀ gbá yìí.”

Ti ìkarùn-ún ni ọba gbogbo wọn. Bí àwọn aláṣọ yẹ́lò láti Ọ̀tà bá nà wá, ó parí. Bí a bá nà wọ́n, a wà lára àwọn méjì tó kù. Màámi wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wa, ó gbé agbọ̀n àgbọn tó ti bó èèpo rẹ̀ dání, ó pín in fún gbogbo wọn, ó sì ń bi wọ́n ní orúkọ ìyá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tó dé ibi tí a ń lọ, Mọnísọ́lá ti ń pè é ní Màámi.

Ṣùgbọ́n Bàbá, wọ́n fẹ́ pa wá lọ́jọ́ náà. Bó bá ti di pé Mọnísọ́lá ké “adusi”, adusi ni wọ́n ń sá sí. Ó ní “aga”, wọ́n ti wà lókè. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìsinmi, òdo ni tiwa, mẹ́tàlá ni tiwọn. A péjọ, a ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màámi ló rìn wọ àárín wa. Ó dẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọmọ yẹn tó di irun pupa, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó jù ú, ọmọ Ègùn ni. Mo gbọ́ tó ń kí ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ègùn Àjàṣẹ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀.”

Kóòṣì dọwọ́ bo ẹnu. “Ká padà sí Yorùbá nìyẹn, mà?”

“Rárá o,” Màámi ní. “Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ọ lọ. Ẹ ṣáà yí i padà. Bí Mọnísọ́lá bá ní adusi, ẹ gba amiyọn. Bó bá ní amiyọn, ẹ gba adusi.”

Bàbá, ìyàwó yín! Sènàmí ń wò ó bí ẹni tó rí áńgẹ́lì. A padà sórí pápá. “Adusi!” Ọmọ onírun pupa rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sá lọ sí ọ̀tún bí ewúrẹ́ tó rí iṣu. Èmi nìkan ló wà ní òsì. Mo hán an, mo sá wọlé, n kò sáré púpọ̀ pàápàá. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tí ọgbọ́n náà yé e, ó ti pẹ́ jù. Ogún sí mẹ́tàlá. Mo wá gbọ́ ohùn kan létí pápá, ohùn tó borí ti Kóòṣì, tó ń fi Ègùn kígbe orúkọ mi. Ohùn tó máa ń dé etí ọ̀sà yẹn ni. Ó ti padà. Ọmọ onírun pupa náà fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ kí Màámi lẹ́yìn eré, wọ́n fi Ègùn jiyàn gan-an, Màámi sì fún un ní àgbọn méjì.

Ó wá ku àṣekágbá. Pápá ńlá kan ní Èkó ni wọ́n mú wa lọ, koríko rẹ̀ kì í ṣe koríko gidi, ó ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó sì dúró dè wá ni àwọn aláṣọ pupa láti Ìkòròdú, àwọn tó fìyà jẹ wá níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa. Kóòṣì kó wa jọ. Ó ní òun ní àsọyé gígùn tí òun ti kọ sílẹ̀ láti àná. Ó wò wá, ó pa ìwé náà dé. Ó ní, “Ẹ lọ ṣeré.”

Eré ni a lọ ṣe lóòótọ́. Wọ́n wọlé, a wọlé. Wọ́n wọlé, a wọlé. Kò sí ẹgbẹ́ tó rí ọ̀kan yẹn fi lé e. Wọ́n tún wọlé, ó di méjìdínlógún sí méjìlá. Ó ku ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Mọnísọ́lá kò rí ẹni jù ú sí, ó bá gbé e fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn yẹn, ó yí báyìí, ó yí báyìí, ọwọ́ wọn ń fò lórí àsíá rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i fà, ó wọlé. Méjìdínlógún sí méjìdínlógún. Gbogbo pápá dìde. Ó ku ìgbìyànjú kan fún àmì kan.

Kóòṣì fọwọ́ pè wá. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé èmi ni wọn yóò jù ú sí. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ, sá lọ sí igun, kí o sì pariwo. Sènàmí, lẹ́yìn tí o bá fún un ní bọ́ọ̀lù, rìn wọlé, kí o yíjú padà.”

Sènàmí ní, “Èmi kẹ̀, mà? N kò tíì hán ọ̀kan rí o.”

“Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ní wò ọ́.”

Mo sá lọ sí igun, Bàbá. Mo ń ju ọwọ́, mo ń ké pé kí ó jù ú, kí ó jù ú. Àwọn mẹ́ta ló tẹ̀ lé mi. Mo ti mọ̀ pé kò ní wá sọ́dọ̀ mi, ọkàn mi sì ń fò síbẹ̀. Mo yíjú, mo rí Sènàmí láàárín ilé wọn, òun nìkan, bí ẹni tó dúró de ọkọ̀. Mọnísọ́lá rọra jù ú sí i, bí ìgbà tí èèyàn ń ju ọmọ tuntun. Sènàmí fi ọwọ́ méjèèjì àti àyà àti àgbọ̀n gbá a mọ́ra. Ó di ojú. Ó ṣì dijú nígbà tí rẹfirí gbé ọwọ́ sókè.

Mọ́kàndínlógún sí méjìdínlógún!

A dì mọ́ ara wa, a ṣubú, gbogbo wa lé Sènàmí lórí, ó sì ń kígbe lábẹ́ wa pé ṣé ó wọlé ni, ṣé ó wọlé ni. Màámi sáré wọ pápá. Ó sáré, Bàbá, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́. Ó gbé Kóòṣì sókè nílẹ̀, Kóòṣì ní kí ó jọ̀wọ́ sọ òun kalẹ̀. Wọ́n fún wa ní ife, wọ́n ya fọ́tò wa. Nínú fọ́tò náà, Màámi ló di ife mú, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tí n kò sọ fún Màámi, tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Mo kúrò láàárín wọn, mo lọ mu omi lábẹ́ ibòji. Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Ẹ̀rù sì bà mí, torí mo wá rí i pé láti ìgbà tí wọ́n fọn fèrè àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, ogójì ìṣẹ́jú gbáko, n kò rántí yín rárá. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Nígbà tí mo bá ń jẹun, ẹ wà níbẹ̀. Nínú ìdánwò, ẹ wà níbẹ̀. Kódà tí mo bá sùn. Ogójì ìṣẹ́jú, ó jọ bí ẹni pé mo gbé yín sílẹ̀ níbìkan.

Mo jókòó sórí koríko tí kì í ṣe koríko yẹn, mo dúró kí ìbànújẹ́ dé. Mo dúró títí. Kò dé, Bàbá. Ayọ̀ ló wà níbẹ̀, òun nìkan, ó jókòó ti mi. Lẹ́yìn náà ni Mọnísọ́lá ké sí mi láti ọ̀nà jíjìn pé bọ́ọ̀sì ń lọ o. Mo dìde, mo gbọn ara, mo sì sáré lọ bá wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ó fẹ́ràn yín, tí ó sì ń ṣeré lọ́wọ́.